Ife Pupa Kúbúrá

Màmá Atíkòrí fi àga méjì sílẹ̀ láàárín òun àti Kúbúrá, ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó tún fi ìborùn bo imú.

Ilé ìwòsàn ni wọ́n wà. Wọ́n ń dúró de èsì tí yóò sọ bóyá oògùn ti lé hẹpatáítísì C, àrùn ẹ̀dọ̀ burúkú yẹn, lọ pátápátá.

"Bí kò bá tíì lọ, ilé bàbá ẹ ní Òrù lò ń lọ. N kò lè máa bá ẹlẹ́dọ̀ jíjẹrà gbélé," ni Màmá wí.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti mọ́ Kúbúrá lára. Nílé, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kun ife rẹ̀. Ìta ni àwo rẹ̀ ń sùn.

Ọkọ rẹ̀, Ọ̀mọ̀wé Àlímì, olùkọ́ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, ń fi fóònù ṣe dígí, ó ń tún fìlà ṣe.

"Ẹ ṣe sùúrù fún un, Màmá. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́."

"Ọkàn ẹ mà dáa o, Dókítà mi!" Màmá gba ike omi tí ọmọ rẹ̀ ń mu lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu.

Nọ́ọ̀sì mú èsì jáde. Ọ̀mọ̀wé yára nàka sí ìyàwó rẹ̀.

"Rárá, sà. Ẹ̀jẹ̀ tiyín la yẹ̀ wò. Ẹ kú oríire, àrùn náà ti tán lára yín."

Omi pá Màmá lórí. Ó ń tutọ́ kíkankíkan.

"Ẹ má wulẹ̀ tutọ́, Màmá. Àrùn yìí kì í gba inú ife ràn. Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́," ni Kúbúrá wí.

Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Orúkọ yín tí ẹ ní kí n bá yín bò, kí n gbà pé èmi ni mo lárùn, mo ti bò ó tó."

Ó gbé báàgì kọ́ èjìká.

"Mo ń lọ sí Òrù, Màmá. Ẹ bá mi gbé ife pupa yẹn fún ẹni tó ni ín."