Èédú Nílé Màmá Rúùtù

Àléébù kan ṣoṣo ni Najeem ọmọ Gàfárù ní, ṣùgbọ́n ó tóbi: kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tán. Bí o bá fẹ́ kọ́ ọ ní nǹkan, "Mo mọ̀ ọ́n" ni yóò ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kí o tó mí. Ìyá rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé-ìwé ló ti ń bọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.

Kò sẹ́ni tó lè pè é ní olódo o. Yunifásítì kan ní Kánádà fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Bàbá rẹ̀ fi oko ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ ní Erunmu, ó sìn ín dé pápákọ̀ òfuurufú Alakia.

"Najeem, ilé onílé lò ń lọ. Ohun tí wọ́n bá sọ fún ọ..."

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá."

Gàfárù gbé àpò rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó sì padà sílé.

Ilé opó àgbàlagbà kan, Màmá Rúùtù, ni wọ́n fi Najeem wọ̀ sí. Obìnrin náà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó tilẹ̀ ń wá ata kiri nítorí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó mú un yí ilé ká. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ róbótó kan lára àjà. "Èyí ló máa ń ké bí afẹ́fẹ́ ilé bá léwu. Má ṣe..."

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

Ó fi àpò èédú tí wọ́n fi ń yan ẹran hàn án lẹ́yìnkùlé. "Èédú yìí, ìta ni..."

"Mo mọ̀ ọ́n, mà. Èédú la fi ń dáná nílé wa."

Màmá rẹ́rìn-ín, ó sì mú un padà wọlé.

Nígbà tó yá, bátìrì ẹ̀rọ ara àjà ń kú lọ, ẹ̀rọ náà sì ń ké lemọ́lemọ́. Ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí Najeem ráyè kàwé. Ó gun àga, ó yọ bátìrì náà, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́sẹ̀ kejì, yìnyín já wáyà iná mànàmáná àdúgbò, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná sì kú. Lọ́sàn-án gangan, Màmá ń gbọ̀n lábẹ́ kúbùsù mẹ́ta. Àánú rẹ̀ ṣe Najeem. Ó rántí ọyẹ́ ní Erunmu, bí wọ́n ṣe máa ń yí ìkòkò èédú ká ní ọ̀ọ̀dẹ̀ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀ọ̀dẹ̀ Erunmu ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn, ilé Màmá sì dé pinpin, afẹ́fẹ́ olóró inú èédú kò níbi tó máa gbà jáde. Ohun tí Màmá fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Najeem finá sí èédú nínú agbada irin, ó gbé e síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì Màmá, ó ti ilẹ̀kùn kí ooru má baà jáde, ó sì jókòó tì í.

Kò pẹ́ tí orí fi ń fọ́ ọ. Ó pe Màmá, Màmá kò dáhùn. Ó fẹ́ dìde, ó ṣubú lulẹ̀. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí bátìrì tó yọ. Ẹ̀rù bà á gan-an.

Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Aládùúgbò kan gbé ọbẹ̀ gbígbóná wá, ó kanlẹ̀kùn títí, ó fi kọ́kọ́rọ́ tí Màmá ti fi pamọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó sì wọ́ àwọn méjèèjì síta. Ọjọ́ mẹ́ta ni Màmá lò nílé ìwòsàn kó tó lajú. Nígbà tí Najeem gbọ́, "Alhamdulillahi" ló ń wí títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Màmá ní kò gbọdọ̀ sun ilé ìyá àwọn mọ́. Nígbà tí ilé-ìwé gbọ́ pé òun ló yọ bátìrì ẹ̀rọ náà, wọ́n gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì dá a padà sílé. Oko ẹ̀gẹ́ ló wà lọ́jọ́ tí Màmá Rúùtù pè é lórí fóònù.

"Najeem, ara mi ti yá. Ọ̀rọ̀ èédú yẹn, n kò sọ ọ́ tán lọ́jọ́ náà."

Gàfárù, tó ń gbọ́ wọn nítòsí, fi ọkọ́ ti ilẹ̀, ó ń retí èsì tó ti mọ̀ tipẹ́. Najeem jókòó sórí ebè.

"Ẹ sọ ọ́ tán, Màmá. Mò ń gbọ́."

Omi bọ́ lójú Gàfárù, ara sì tù ú.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń lọ kàwé lókè òkun, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn ń lọ gbé lọ́dọ̀ ẹbí ní Egbeda, ẹ jẹ́ kí onílé sọ̀rọ̀ tán. Ohun tí ẹ mọ̀ nílé yín lè jẹ́ òótọ́ nílé yín nìkan. Inú rere ni Najeem fi gbé èédú wọlé, inú rere náà kò sì ní kí èédú má pani. Òun rí ẹni gbé ọbẹ̀ wá. Ẹ má ṣe dúró de ọbẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ràn.