Fáàfù Híità Ọlọ́runṣògo

Ọlọ́runṣògo ni Sàníù kọ síwájú bọ́lẹ̀kájà rẹ̀ lọ́jọ́ tó rà á, orúkọ náà sì ni gbogbo Olódò fi ń pe òun àti ọkọ̀. Lẹ́yìn ààwẹ̀ ọdún kan, ọkọ̀ náà dúró sábẹ́ igi máńgòrò, kò sì lọ mọ́. Làmídì mẹkáníìkì wá láti Adégbayì, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò ó títí, ó wá sọ fún Àsímáwù, ìyàwó Sàníù, pé fáàfù híità ló bàjẹ́.

“Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

“Òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún omi gbígbóná inú ẹ́ńjìnnì, Ìyá Mùjíbá. Òun làwọn òyìnbó fi ń yáná nínú ọkọ̀ nílùú wọn.”

Àsímáwù wo oòrùn tó ń jó lórí páànù ilé. “Iná wo la fẹ́ yá ní Olódò?”

Làmídì ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkọ̀ náà ò gbọdọ̀ rìn láìsí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì á jó. Ó ní ó máa ṣòro láti rí, nítorí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti tán nílẹ̀. Sàníù jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Kì í ṣe ọkọ̀ ló ń ká Àsímáwù lára. Ọkọ rẹ̀ ni. Ọkùnrin tó máa ń kó ẹ̀gẹ́ àti ọsàn àwọn ará oko dé Ìbàdàn kí ilẹ̀ tó mọ́ wá di ẹni tó ń jókòó láti àsùbáà títí di alẹ́, tó ń fọwọ́ pa orúnkún. Ó ti rù. Kì í yà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mọ́, kì í sì lọ sí mọ́ṣáláṣí àfi tí ẹnì kan bá wá mú un. Ẹ̀rù ń ba Àsímáwù pé ìjókòó yẹn ló máa pa á. Lójú tirẹ̀, bí Ọlọ́runṣògo ọkọ̀ bá gbéra, Ọlọ́runṣògo èèyàn náà á gbéra.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá fáàfù. Ní Gáàtì ní Ìbàdàn, àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan kó púlọ́ọ̀gì fún un. Òmíràn ní, “Màmá, ẹ ní kí mẹkáníìkì yín so páìpù méjèèjì pọ̀, kó tán síbẹ̀. Ta ló ń lo híità?”

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Làmídì lọ. Làmídì nu ọwọ́ rẹ̀ títí, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ náà ti mọ́. “Ti ọkọ̀ yín yàtọ̀, Ìyá. Ẹ ò ṣe kúkú sinmi? Ó ti rẹ̀ yín.”

Ó rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó bínú. Ó gbà pé ńṣe ni Làmídì ń dúró dìgbà tí ọkọ̀ á fi dípẹtà, kó lè rà á lówó pọ́ọ́kú. Látọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ ti kúrò lára ọmọkùnrin yẹn.

Nígbà tó délé, ó bá Sàníù níwájú ọkọ̀, ó ń fọwọ́ pa orúkọ tó kọ síbẹ̀.

“Ṣé ọ̀dà yìí ò tíì ṣí?” ó bi í.

Ó ti ṣí tipẹ́. Díẹ̀ ló kù kó má ṣeé kà. “Ó wà bó ṣe wà,” Àsímáwù dáhùn, nítorí kò fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ sí i.

Lálúpọn ló ti wá rí fáàfù náà, lẹ́yìn ilé ìkó-kòkó-sí kan tí wọ́n ti pa tì, lára ọkọ̀ tí koríko ti bò. Ìyá tó ni ilé ní kó mú ohun tó bá wù ú. Fáàfù náà ti gan pa. Àsímáwù gbé e lọ bá Ajíbádé tó ń jórin rédíétọ̀ ọkọ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ajíbádé fi karosíìnì rẹ ẹ́ mọ́jú, ó tú u, ó rí i pé rọ́bà inú rẹ̀ ti di ẹ̀tù. Ó gé òmíràn láti ara tíúbù táyà, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyanrìn fọ idẹ rẹ̀ títí tó fi ń kọ mànà. Ó ti fáàfù, ó fẹnu fẹ́ ẹ, atẹ́gùn ò kọjá. Ó ṣí i, atẹ́gùn kọjá. Nígbà tó máa fi gbójú sókè láti fi han Àsímáwù, oorun ti gbé e lọ lórí bẹ́ǹṣì.

Ní ọ̀sán gangan ló gbé e lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Sàníù yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó fọwọ́ tọ́ ọ wò yí ká.

“O gbìyànjú,” ó ní. Ohùn rẹ̀ ò dùn. “Tí o bá fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, á dán dáadáa.”

Àsímáwù wo idẹ tó ń tàn yòò náà. Ó dùn ún wọra. Gbogbo ìrìn yẹn, àléébù lọkọ rẹ̀ rí.

“Ẹ ṣé,” ó ní.

Làmídì dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó wo fáàfù, ó wo Sàníù, ó mí kanlẹ̀, ó sì dè é mọ́ ọkọ̀. Omi ò kán. Ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ará oko ti kó apẹ̀rẹ̀ ọsàn sẹ́yìn. Àwọn ọmọ àdúgbò sì tò síwájú ọkọ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àsímáwù gòkè jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Atẹ́gùn gbígbóná fẹ́ sí i lẹ́sẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀ látìgbà ààwẹ̀.

Sàníù fọwọ́ méjèèjì di sítíárì mú. Ọkọ̀ ò kúrò.

“Kí lẹ ń wò, Bàbá Mùjíbá?”

“Ọ̀nà ni mò ń wò.”

Ó ki jíà. Àwọn ọmọ ṣì wà níwájú ọkọ̀. Kí ọkọ̀ tó mira, Làmídì ti ṣí ilẹ̀kùn, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì kú.

“Mo mọ̀,” Àsímáwù sọ fún Làmídì. “Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé o ò fẹ́ kí ọkọ̀ yìí rìn.”

“Ẹ má bínú, Ìyá,” Làmídì wí, kò gbé ohùn sókè, “Bàbá fúnra wọn ni wọ́n ní kí n dárúkọ ohun tí ẹ ò ní rí ní gbogbo Ìbàdàn, torí ojú ń tì wọ́n láti sọ fún yín pé àwọn ò ríran mọ́.”