Téèkì Kíà

Lámídì, atúnkẹ̀kẹ́ṣe, jókòó síwájú ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù, ó ń so ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ bí ẹni ń so ṣéènì. Téèkì bọ́ọ̀sì, ká wọkọ̀. Téèkì kíà, tọ́jú ara ẹ. Ilẹ̀kùn kì í ṣí fún àlejò tó bá ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ, wọ́n sì ń lé àlejò tó bá sọ Yorùbá nínú wọ́ọ̀dù jáde.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ di tíṣà ni?" obìnrin tó tò sẹ́yìn rẹ̀ fi í ṣẹ̀fẹ̀.

"Ìyàwó mi ni mo fẹ́ rí."

Lọ́jọ́ kẹtàlá, ilẹ̀kùn ṣí. Wọ́n fún un ní ìbọ̀wọ́ àti ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó di ọwọ́ Àjíún ìyàwó rẹ̀ mú, ẹni tí ojú rẹ̀ ti fọ́.

"Téèkì kíà," ló rọra wí.

"Ẹ ṣé, dókítà," Àjíún dáhùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọkọ mi ò tíì wá?"