Olúsọjí, Awakọ̀ Bàálù Tó Ń Fi Ẹ̀ṣẹ́ Dáhùn Ìmọ̀ràn

Ìbínú ni àrùn Olúsọjí, ìbínú rẹ̀ a sì máa dé ọwọ́ kó tó dé ẹnu. Èyí tó tún burú jù ni pé ó fẹ́ràn láti máa bèèrè ìmọ̀ràn, nígbà tó jẹ́ pé ìyìn ló ń wá. Bí o bá yìn ín, ọ̀rẹ́ ni yín. Bí o bá sọ òótọ́ fún un, yáa wá ibi sá sí.

Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni òun àti Moráyọ̀ ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Awakọ̀ bàálù ni, ní iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń kó èrò lọ sí àwọn ìlú tí kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. Òun àti Munir ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ wọ iṣẹ́ náà. Ní iléeṣẹ́ wọn, bí ènìyàn bá ṣe tètè dé sí ni wọ́n fi ń di ọ̀gá awakọ̀, ìyẹn captain. Ẹni tó bá kúrò, tó tún padà wá, ẹ̀yìn pátápátá ni yóò tò sí. Olúsọjí ló kàn láti di ọ̀gá, Munir ló tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ojú Olúsọjí ti wà lára bàálù àwọn olówó, àwọn kéékèèké tí wọ́n ń pawọ́pọ̀ rà, tí iléeṣẹ́ kan ń bá wọn tọ́jú. Níbẹ̀, bí wọ́n bá fi ọ̀sẹ̀ kan ṣiṣẹ́, wọn a fi ọ̀sẹ̀ kan sinmi. Ó sì wù ú láti máa gbé àwọn ènìyàn ńlá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òun àti Munir ń rìn létí odò ní Crossness. Ó ní, "Munir, ṣé kí n lọ àbí kí n dúró?"

Munir rẹ́rìn-ín. "Ṣé òótọ́ lo fẹ́ gbọ́?"

"Ah-ah, ọ̀rẹ́ mi ni ẹ́ now. Sọ ọ́ jàre."

"Ìwọ pilot lo máa gbé bag àwọn passenger níbẹ̀ o. Ìwọ lo máa gbé tea fún wọn, ìwọ lo máa nu ibi tí ajá wọn bá bì sí. Ìwọ tí o kì í gba ìsọkúsọ, ṣé o ò ní gbá ẹnì kan létí lọ́jọ́ kan? Dúró gba captain rẹ, Sọjí."

Ẹ̀ṣẹ́ ni Olúsọjí fi dá a lóhùn. Ètè Munir bẹ́, ó ṣubú lu ọgbà irin. Bó ṣe wà nílẹ̀, Olúsọjí tún fi bàtà ta á ní ìhà, ó ń pariwo pé, "Ìlara ló ń pa ẹ́!" Nítorí òótọ́ o! Òótọ́ tó fẹnu ara rẹ̀ bèèrè.

Munir fẹ́ pe ọlọ́pàá, Moráyọ̀ gan-an sì ní kí ó pè wọ́n. Ṣùgbọ́n Daddy Fàsásì, àgbà tí gbogbo wọn ń bọ̀wọ̀ fún, ti gbọ́. Ó kó wọn jọ sí pálọ̀ rẹ̀, Olúsọjí sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Daddy Fàsásì ní, "Munir, tí ọlọ́pàá bá wọ̀ ọ́, wọ́n á gba pass tó fi ń wọ airport lọ́wọ́ ẹ̀. Ayé ẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Jẹ́ ká parí ẹ̀ sílé, nítorí tèmi."

"Nítorí tiyín ni o, Daddy," Munir dáhùn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó bi Olúsọjí ohun tó fẹ́ ṣe sí ìbínú rẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ ti tó wọn.

Kò pẹ́ tí iléeṣẹ́ bàálù olówó fi sọ pé àwọn máa gbà á. Ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ipò rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ Munir. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ tuntun ní kí ó ní sùúrù, àwọn fẹ́ wádìí ìwà rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ti bá a ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ọkàn rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé Munir ni wọ́n bi, àti pé Munir tó gba ipò rẹ̀ ló bà á jẹ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, ó bá a lọ́jà Beresford Square, níbi tí Munir ti ń bá Mujeebat ìyàwó rẹ̀ pàtẹ aṣọ.

"Kí lo sọ fún wọn nípa mi?"

"Ire ni. Mo ní mi ò rí i kí o jà rí. Mo parọ́ torí ẹ, Sọjí."

"Irọ́ ni!"

Olúsọjí fa òpó irin tó gbé àtíbàbà ró yọ. Ó là á mọ́ Munir léjìká, ó là á mọ́ ọn lórí. Munir gbójú sókè láti bẹ̀ ẹ́, ẹnu irin náà sì wọ̀ ọ́ lójú òsì. Ẹ̀jẹ̀ ta sára àwọn aṣọ tí wọ́n pàtẹ. "Ẹ gbà wá o! Ó fẹ́ pa ọkọ mi!" Mujeebat ń ké. Àwọn ọlọ́jà ló wó Olúsọjí mọ́lẹ̀, tí wọ́n jókòó lé e lẹ́yìn títí ọlọ́pàá fi dé.

Ní kóòtù ni ọ̀rọ̀ ti yé gbogbo ayé. Munir yìn ín ju bó ti yẹ lọ, àwọn ọ̀gá tuntun sì ti gbà á tán. Bàálù tí wọ́n fẹ́ fún un wà ni kò tíì dé. Wọ́n rán Olúsọjí lẹ́wọ̀n ọdún gbọọrọ, kò sì ní wa bàálù mọ́ láyé rẹ̀. Moráyọ̀ kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ojú òsì Munir fọ́, àwọn dókítà sì dá òun náà dúró lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀. Ó dùn mí gan-an, nítorí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Daddy Fàsásì lọ wò ó lẹ́wọ̀n, Olúsọjí bú sẹ́kún. "Ẹ bá mi bẹ Munir, sà."

"Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́sí," ni bàbá náà wí. "Ká ní mo jẹ́ kó pe ọlọ́pàá ni, ojú ẹ̀ ì bá ṣì wà. Mi ò ní ẹnu tí mo máa fi bẹ̀ ẹ́ mọ́." Ó dìde, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ìtàn yìí, bí ẹ bá mọ̀ pé ìyìn lẹ fẹ́ gbọ́, ẹ má bèèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíì. Ẹni tó sọ òótọ́ fún yín kì í ṣe ọ̀tá yín. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá ń yá sí ìjà, kó tètè wá ìwòsàn fún ara rẹ̀ kí ìjọba tó bá a wá a. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ sì ń parí gbogbo ọ̀rọ̀ sílé, ẹ rántí ojú Munir. Ìdọ̀bálẹ̀ oníjà kò tó. Ẹ jẹ́ kó jìyà ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ kó má baà dé orí èkejì.