Apá Òkè Tó Ń Ké

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ti kọjá díẹ̀. Òjò wínníwínní kan ń rọ̀, èyí tí kò tó sá fún, tí kò sì jẹ́ kí aṣọ gbẹ. Ọkùnrin náà dúró lábẹ́ páànù níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ó ń wo pikọ́ọ̀pù tí wọ́n fi jáàkì gbé. Ọkọ̀ náà ga ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Sípíríǹgì gígùn ni wọ́n fi gbé e kúrò nílẹ̀, débi pé ọkùnrin náà, tí kò ga, máa ń di ilẹ̀kùn mú kí ó tó lè gun orí àga. Ibi iṣẹ́ alẹ́ ló ti ń bọ̀, kò sì tíì sùn.

Mẹkáníìkì yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó ń nu ọwọ́.

"Àbúrò, kí o tó gbé e wá lánàá, ìgbà ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ yẹn ni mo ti rí ọkọ̀ yìí kẹ́yìn. Ṣé o ò gbọ́ bó ṣe ń ké ni?"

"Mo ń gbọ́."

"Apá òkè ni." Ó fọwọ́ kan irin tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀ láti òkè. "Èyí tó bá a wá látilẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n gbé ọkọ̀ ga, wọn ò pààrọ̀ apá. Ó wá dà bí ẹni tó ń fọwọ́ kúkúrú já ọsàn, kò sígbà tí kò nà tán. Orí rẹ̀ ti jẹ. Tó bá já lójú ọ̀nà, táyà á ṣáájú rẹ délé."

Ọkùnrin náà mi orí.

"Mo sọ fún Ọ̀pẹ nígbà náà," ni mẹkáníìkì wí. Ọ̀pẹ ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà. "Ó ní ṣebí ọkọ̀ ti ga tó òun, kí ló tún kù." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. "Nígbà tó o pè mí lánàá, díẹ̀ ló kù kí n ju fóònù sílẹ̀. Ohùn kan náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ."

"Ojú Màmá ńkọ́?"

"Kò ríran mọ́ rárá. Etí ló kù."

Mẹkáníìkì wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, ó gbé apá tuntun oríṣi méjì jáde. Àkọ́kọ́ dúdú, ó wúwo, rọ́bà ló wà ní ìdí rẹ̀. Páìpù irin ni wọ́n fi ṣe èkejì, irin ló sì ń yí nínú irin níbi tó ti so mọ́ ọkọ̀. Méjèèjì ló bá gíga ọkọ̀ náà mu.

"Mú dúdú yìí. Kì í ké. Ọmọ ọwọ́ á máa sùn nínú ọkọ̀ rẹ. Onípáìpù yìí, àwọn tó ń sáré nínú igbó ló ń rà á. Tí gíríìsì bá ti gbẹ lára rẹ̀, á máa han bí ilẹ̀kùn ilé àtijọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ wọn."

"Kí o gbọ́ kí ni?"

"Ẹ fi wọ́n sẹ́nu fáìsì tẹ́ ẹ fi ń di irin mú, kí ẹ máa gbé wọn sókè sódò."

Mẹkáníìkì wò ó, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà di ojú. Dúdú kò dún. Onípáìpù kò dún.

"Ẹ nu gíríìsì kúrò."

Ó nù ún. Apá náà ké, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín.

"Ẹ rọra gbé e."

Ó ké lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fà gùn, ó sì já lójijì. Ọkùnrin náà la ojú.

"Èyí ni mo fẹ́."

"Àbúrò, látìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kí n pa ariwo lẹ́nu mọ́tò ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ wá. Ìwọ nìkan ló wá ra ariwo."

"Màmá kì í jẹun tí kò bá gbọ́ ọkọ̀ yìí. Lánàá tó wà lọ́dọ̀ yín, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn lọ. Mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó ní òun ń retí ọkọ̀. Bí mo ṣe gbé e síbẹ̀ ni mo ṣe gbé e kúrò."

Mẹkáníìkì gbé apá dúdú sílẹ̀.

"Títí dìgbà wo?"

"N ò mọ̀."

"Láìsí gíríìsì, kò ní pẹ́ jẹ o."

"Màá tún wá."

"Á rẹ̀ ọ́."

"Ó ti rẹ̀ mí."

Mẹkáníìkì bọ́ sábẹ́ ọkọ̀ padà. Ọkùnrin náà jókòó sórí táyà kan, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó sì sùn lọ. Nígbà tí wọ́n jí i, apá ọ̀tún àti tòsì ti wà ní àyè wọn. Ó gbé ọkọ̀ gba orí gọ́tà ẹnu ọ̀nà, ó dá a padà sẹ́yìn, ó tún gbà á. Ọkọ̀ náà ké. Ó juwọ́ sí mẹkáníìkì, ó lọ.

Òjò ti dá nígbà tó dé iwájú ilé ìyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ebè kan tí wọ́n fi ń dín eré ọkọ̀ kù wà lójú ọ̀nà níbẹ̀; ó rọra gun orí rẹ̀, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀. Kọ́tìnì ojú fèrèsé mì. Ó fa ẹ̀wù iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan yọ lẹ́yìn àga, ó wọ̀ ọ́. Apá ẹ̀wù náà bo ìka rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ká a. Ó gbé abọ́ oúnjẹ, ó wọlé.

Ìyá ti dìde dúró, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀.

"Mo ti gbọ́ ọ láti ìta. Ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

"Ẹ jókòó, Màmá."

"Ọ̀pẹ," ni ìyá wí, ó na ọwọ́ sókè, ó ń wá èjìká rẹ̀, "àbúrò rẹ ló dá wá lánàá, n ò sì jẹ oúnjẹ tó gbé wá, ṣé kò bínú?"

Ọkùnrin náà tètè jókòó kí ọwọ́ náà tó bà lé e lórí, ó ní, "Kò bínú, Màmá," ó sì ṣí abọ́ oúnjẹ.