Fítámì Wo Ni Kí N Mu?

Ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ṣe ń pè é lórí fóònù.

"Àbúrò mi, mo fi rólà abẹ́rẹ́, èyí tó ń gún awọ ara wẹ́wẹ́, yí ojú mi kó lè dán. Ó ń ta mí bí ata! Fítámì wo ni kí n mu kó tètè jinná?"

"Ṣé ó ṣẹ̀jẹ̀?"

"Káàkiri ojú."

"Níbo lẹ ti rí rólà?"

"Nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ ni, èyí tí o fi ń yí ojú tìrẹ. Ṣebí ọmọ ìyá kan ni wá?"

Nọ́ọ̀sì dìde lójijì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa bọ̀ nílé ìwòsàn báyìí!"

"Nítorí ojú lásán? Fítámì ni mo bi ọ́!"

Nọ́ọ̀sì tún wo ìwé náà. Àrùn ẹ̀dọ̀ ni, èyí tó ń ti inú ẹ̀jẹ̀ ranni.

Orúkọ òun fúnra rẹ̀ ló wà lókè ìwé.