Sanmí Tí Kì Í Pa Iná

Ọwọ́ Sanmí yá bó bá di ká tan iná, ṣùgbọ́n bó bá di ká pa á, ọwọ́ ọ̀hún á wúwo bíi pé àpò gàrí ló fẹ́ gbé. Àbùkù rẹ̀ nìyẹn. Ìwé ń wọ orí rẹ̀ dáadáa, àmọ́ àìbìkítà rẹ̀ ju ìwé rẹ̀ lọ.

Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ajíbọ́dẹ ló ń gbé. Mítà kan ṣoṣo ni yàrá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń lò, wọ́n sì jọ ń dá owó ra iná sí i ni. Bí Sanmí bá jáde, fáànù rẹ̀ á máa fẹ́ bẹ́ẹ̀dì lásán. Bí wọ́n bá mú iná lọ, kì í pa nǹkan kan. Ó ní bí iná bá dé, òun náà á lè mọ̀ pé ó dé. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n!

Adéyẹmí bàbá rẹ̀ ń gbin ẹ̀gẹ́ ní Lálúpọn. Ilé-ìwé ọmọ ku ọdún kan, agbára bàbá sì ti tán. Ọlọ́run ṣe é, àjọ kan fẹ́ fún Sanmí ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ó ku kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí fídíò fóònù, ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ pé àwọn ò ní dúró de ẹni tó bá pẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sí iná ládùúgbò, fóònù Sanmí sì ti fẹ́ kú. Ara rẹ̀ ò balẹ̀. Ó jókòó, ó dìde, ó tún yọjú lójú fèrèsé. Ó ti ri bọ́ílà, irin tí wọ́n fi ń se omi, sínú korobá kí iná tó lọ. Kò yọ ọ́, kò sì pa á. Ó tilẹ̀kùn, ó ní òun ń lọ ra táì lẹ́bàá ọ̀nà ní Ọ̀jọ́ọ̀.

Zubaidah, aládùúgbò rẹ̀ ní yàrá kejì, pè é lẹ́nu géètì.

"Sanmí, iná tó kù nínú mítà ò tó nǹkan mọ́ o. Ṣé o ti pa nǹkan ẹ?"

"Ìyọnu ẹ pọ̀! Kí n tó dé, omi á ti gbóná."

"Jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run, padà lọ pa á. Ṣebí ìwọ lo ní intafíù."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gun ọ̀kadà. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni iná dé. Zubaidah gbọ́ tí omi ń hó ní yàrá Sanmí. Ó gbá ilẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó ṣí i. Ó pè é, fóònù ti kú. Kò pẹ́, iná inú mítà tán, mítà ké, gbogbo fáànù ilé dúró. Zubaidah gbé báàgì, ó gba kíláàsì lọ tìbínú-tìbínú.

Nígbà tí Sanmí ń bọ̀, aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ó rí iná ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù àdúgbò, inú rẹ̀ dùn. Ó wọlé, ó ki fóònù bọ iná. Pàbó! Ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀, ó ń làágùn, ó ń bẹ̀bẹ̀. Kí fóònù tó tàn, aago mẹ́wàá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Àjọ náà ti kọ̀wé sí i pé àwọn ti fún ẹlòmíràn.

Ó gba Lálúpọn lọ.

"Bàbá mi, ẹ dákun, ẹ má bínú. Iná ni ò sí."

"Ṣé kò sí iná ní Ajíbọ́dẹ lónìí ni?"

Sanmí ò lè purọ́. "Iná wà níbi gbogbo, sà. Ilé tiwa nìkan ni kò ti sí. Èmi ni mo lò ó tán."

Omi lé sójú Bàbá.

"Ó dáa. Àdá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ wà nílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbọ́ o. Bẹ́ ẹ bá ń jáde, ẹ pa iná. Bí wọ́n bá mú un lọ, ẹ tún pa á. Iná tẹ́ ẹ ń fi ṣòfò kì í ṣe ti ẹnì kan, bó bá sì tán, a ò mọ ẹni tí yóò kàn. Gbogbo òtòkùlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ Sanmí ti jáde ilé-ìwé báyìí. Òun ń ro ẹ̀gẹ́.